Òkété àti Ìkòkò Agbára

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò jẹun alẹ́ ni? Èwo ni àlọ̀ tó ń jáde bí ẹni tó ń tọrọ omi nílé àna rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé kejì mọ̀ pé a wà láàyè. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ má díbọ́n pé atẹ́gùn lẹ wá gbà. Àlọ́ yìí kàn yín ju àwọn ọmọdé lọ. Mo sì ń wo ojú Dúródọlá, mo rí i pé Ìjàpá ló ń retí. Ìjàpá kọ́ o. Ìjàpá ti jìyà tó lẹ́nu àwa apàlọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi lálẹ́ òní. Òkété ni mo mú wá.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹran igbó ṣì ń kí ara wọn láràárọ̀, Òkété gbẹ́ ihò rẹ̀ sí abẹ́ ilé ìwé kan tó wà létí igbó. Kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́ o. Igi ọ̀pẹ kan ló wà lẹ́yìn ilé ìwé náà, ẹyìn rẹ̀ sì máa ń já bọ́ lójoojúmọ́. Ẹyìn ni Òkété bá lọ. Ṣùgbọ́n etí ò ní ìlẹ̀kùn. Bí tíṣà ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ lókè ni Òkété ń gbọ́ nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà ń kọ́ wọn nípa agbára. Ó ní, "Agbára kì í parun. Ńṣe ló ń ti ara ohun kan bọ́ sí ara òmíràn." Òkété na etí. Tíṣà ní, "Òòfà máa ń fa irin mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ojú ò rí ohun tó fi ń fà á." Òkété dìde jókòó. Tíṣà ní, "Ìmọ́lẹ̀ ò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó lè sáré tó o láyé." Òkété pàtẹ́wọ́. Tíṣà wá ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń wọn agbára, àti bí a ṣe ń dán ohun tí a rò wò, ká lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

Gbì! Ìdì ẹyìn kan já bọ́ lẹ́yìn ilé. Òkété ti sá jáde. Kò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ náà títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò kékeré inú igbó gbẹ, ó ku kòtò omi kan ṣoṣo. Òkété lọ mumi níbẹ̀. Bó ṣe ki ẹnu bọ̀ ọ́ báyìí, jìì! Nǹkan gbọ̀n ọ́n. Ó ta sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo òkè, irun imú rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Òjíjí ni. Ọ̀rẹ́, má bínú. Omi ló ń gbẹ mọ́ mi lára, ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bá apẹja rìn rí, òjíjí ni ẹja tó ń gbọ̀n ènìyàn. Kò ní eyín tó mú, ṣùgbọ́n fọwọ́ kàn án, wàá rò pé ẹnì kan ń mi egungun rẹ láti inú wá. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe idán.

Òjíjí ní, "Jọ̀ọ́, bá mi dé odò ńlá kí omi yìí tó tán."

Òkété jókòó. Ó ronú. Ọ̀rọ̀ tíṣà ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní, "Odò ńlá jìn. Àmọ́ mo ní ìkòkò omi kan nílé tó tutù dáadáa. Máa gbé inú rẹ̀ ná, kí n fi wá ẹni tí yóò bá mi rù ọ́. Ekòló ni n ó máa fi bọ́ ọ."

"Láràárọ̀?"

"Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́."

Òjíjí gbà. Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tí omi ń gbẹ mọ́ lára kì í bá aláàánú ná ọjà.

Òkété gbé ìkòkò náà wá sí kòtò omi, Òjíjí wọ inú rẹ̀, ó wá gbé e lọ sábẹ́ igi àràbà, níbi tó gbẹ́ ihò tuntun sí. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lójú, ó dá ihò kan sí ewé náà níwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Ó rí awò ojú tíṣà kan tó ti ṣẹ́ lápá kan lórí ààtàn, ó fi kọ́ etí. Ó ní òun kì í ṣe Òkété mọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kí wọ́n máa pe òun. Ó wá pe gbogbo ẹran igbó jọ.

"Ẹ̀yin ará igbó! Ẹ rò pé ẹran àti egungun lẹ jẹ́. Irọ́ ni. Agbára lásán ni yín! Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, agbára ẹ̀yìn yín ló dì. Bí orí bá ń fọ́ yín, agbára orí yín ló wọ́. Òòfà inú ìkòkò yìí á fà á, á sì tò ó padà. Agbára kì í parun, ẹ gbọ́ mi? Bí agbára ò bá sì lè parun, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ agbára, báwo lẹ ṣe fẹ́ kú?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ìgbà òjò, ló kọ́kọ́ jáde. Ó ki ẹsẹ̀ iwájú bọ ihò náà. Òkété fi ọ̀pá kan ìkòkò lára, ko, ko. Òjíjí jí. Jìì!

Ìmàdò bú ramúramù, ó fò sókè, ó fi ìdí balẹ̀. Apá rẹ̀ kú tipiri. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo apá náà, ẹ̀yìn tó ń dùn ún kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

"Báwo ni ẹ̀yìn?" Òkété bi í.

"Ẹ̀yìn wo?" ni Ìmàdò wí. "Yéè, ó ti lọ! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ṣiṣẹ́!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. A mọ ara wa. Àgbo tí kò bá korò, a ní omi lásán ni wọ́n sè. Abẹ́rẹ́ tí kò bá dunni, a ní nọ́ọ̀sì gbàgbé oògùn sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ẹran igbó yìí rí. Ohun tó bá lè gbọ̀n Ìmàdò bí ewé, wọ́n ní kò sí àrùn tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kíá, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ń kó ẹ̀pà wá, wọ́n ń kó ẹyìn wá, wọ́n ń kó iṣu wá. Òkété fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é, kí ẹ gbè é dáadáa:

Agbára ń bẹ níkòkò,
*Rìrì o, rìrì.*
Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí o gbọ̀n,
*Rìrì o, rìrì.*
Ẹni bá gbọ̀n ti gbádùn,
*Rìrì o, rìrì.*
Ẹni ò gbọ̀n, kó múṣu wá,
*Rìrì o, rìrì.*

Ẹ ṣeun. Ẹ ò rí ìlà ìgbẹ̀yìn yẹn? Ọgbọ́n Òkété wà níbẹ̀. Òjíjí kì í ṣe ẹ̀rọ. Bó bá ti gbọ̀n ẹni púpọ̀, á rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn á ki ọwọ́ bọ omi, omi á kàn tutù lásán. Òkété á wá mi orí, á ní, "Ìgbàgbọ́ tìrẹ ló kéré. Agbára rẹ ń bá tèmi jà. Lọ mú iṣu wá, kí o padà wá ní ìdájí ọ̀la." Onítọ̀hún á tún máa tọrọ àforíjì. Ní ìdájí ọ̀la, Òjíjí á ti sinmi.

Bàbá Títílọlá, ẹ má wo ilẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹ rà ní gáréèjì, èyí tí wọ́n ní òòfà inú rẹ̀ á fa làkúrègbé jáde, ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Làkúrègbé náà ṣì wà lórúnkún yín. Àwọn méjèèjì ti di ará ilé. Ẹ ò rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Ẹ ṣeun, bàbá mi, ẹ jẹ́ n máa bá àlọ́ lọ.

Ó yá, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ibi tó dùn mí nínú àlọ́ yìí la dé.

Ẹtu kan wà nínú igbó yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, nítorí náà Ìyá Àwẹ̀ró ni gbogbo ayé ń pè é. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ń ṣeré, ẹ̀gún wọ̀ ọ́ láàárín pátákò. Ó wọlé ṣinṣin. Ọmọ náà wá ń ṣe lákáǹláká.

Ẹ̀gún lásán ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbó, àwọn ọdẹ á dáná sun igbó, gbogbo ẹran ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná yẹn kì í ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tó lè sáré á sá sódìkejì odò ńlá. Ẹni tí kò lè sáré, ẹ má jẹ́ n sọ tirẹ̀ lálẹ́ yìí. Oorun ò kun Ìyá Àwẹ̀ró mọ́. Bó bá wo ẹsẹ̀ ọmọ, á wo ojú ọ̀run bóyá èéfín wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Ó gbé ọmọ, ó kọrí sílé Òòrẹ̀. Òòrẹ̀ ni aládùúgbò wọn. Ẹ̀gún ló bo gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà ó mọ ìwà ẹ̀gún, òun ló sì ń bá gbogbo ará igbó yọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló burú. Á máa yọ ẹ̀gún, á máa bú ẹ: "Ojú lo fi ń rìn àbí imú? Ta ló rán ọ lọ síbẹ̀?" Àwẹ̀ró ti ń sunkún kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà.

Ni wọ́n bá pàdé Ìmàdò.

"Ìyá Àwẹ̀ró, níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé Òòrẹ̀. Ẹ̀gún ló gún ọmọ mi."

"Òòrẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin náà! Ayé ti lajú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn mi!" Ó tẹ ẹ̀yìn náà hàn wọ́n. Ó dùn ún bó ṣe tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó fún eyín mọ́ra.

Bí Ìyá Àwẹ̀ró ṣe yà sọ́dọ̀ Òkété nìyẹn. Òkété tún awò rẹ̀ tò, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ó rí ìdí ẹ̀gún náà tó yọ síta. Ẹ gbọ́, Òkété kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ní sùúrù á fà á yọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gún bá jáde lónìí, Ìyá Àwẹ̀ró ò ní padà wá lọ́la, ẹ̀pà rẹ̀ náà ò sì ní padà wá.

"Ọpẹ́ ni pé o ò tíì yọ ọ́," ló sọ.

"Kí ló dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ìwọ rò pé ẹ̀gún ni. Ọ̀nà ni. Ibẹ̀ ni agbára ń gbà wọ inú ọmọ yìí. Bí o bá yọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo agbára rẹ̀ á jò dànù bí omi inú ajere."

"Yéè! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti ń wú, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Iná igbó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ó gbọ́dọ̀ lè sáré."

Òkété rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Àwẹ̀ró, ìmọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀?"

"Rárá, kò ní."

"Kí ló ń sáré jù láyé?"

"Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ni."

"Kí lo wá ń fi ẹsẹ̀ ṣe? Jẹ́ kí agbára kún inú ọmọ yìí. Á di ìmọ́lẹ̀. Iná á dé, kò ní bá a nílé."

Ọ̀rọ̀ náà ga ju Ìyá Àwẹ̀ró lọ, ó sì dùn gbọ́. Wọ́n ki ọwọ́ Àwẹ̀ró bọ ìkòkò. Jìì! Ọmọ náà ké.

"Màámi," ó ní, nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, "ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí."

"Ṣe sùúrù, ọkọ mi. Ọ̀nà agbára ni."

Wọ́n lọ lọ́la, wọ́n lọ lọ́túnla. Ẹ̀pà inú ilé ń tán, ẹsẹ̀ ọmọ ń wú sí i. Òòrẹ̀ gbọ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ohun tí kì í ṣe.

"Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ti fẹ́ tóbi ju orí mi lọ. Gbé e wá síbí."

"Bàbá Òòrẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí a má fọwọ́ kàn án. Agbára á jò."

"Agbára wo? Ọyún ni yóò jò!"

"Ẹ̀yin ò kàwé ni, bàbá."

"Ẹ̀gún náà ò kàwé! Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Alábẹ fẹsẹ̀ rìn wá bá ọ nílé, o ní o ò ṣe. Ó dáa. Nígbà tí iná bá dé, kí o kàwé fún un."

Ó bínú jáde, ẹ̀gún ara rẹ̀ ń dún ṣakaṣaka. Ìyá Àwẹ̀ró ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Ẹ má bú u o. Mo ti rí ìyá tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ọmọ. Ìfẹ́ ló mú un, ẹ̀rù sì dì í lójú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Òkété. Ẹ̀pà ga dé àjà, ẹyìn kún inú ihò, iṣu ò ríbi sùn. Ó jẹ ẹyìn tán, ó kó èkùrọ́ rẹ̀ jọ, ó ń fi eyín pa á. Kò fún aládùúgbò. Ekòló tó ní òun á máa fún Òjíjí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kò rántí mọ́. Òjíjí á pè é láti inú ìkòkò, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ebi." Òkété á ní, "Agbára kì í jẹun."

Wọ́n ní Òkété ní ọjọ́ gbogbo lòun mọ̀, òun ò mọ ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn náà dé. Ó gé èkùrọ́ kan tó le bí òkúta. Kàù! Èkùrọ́ ò fọ́. Eyín Òkété ló là sí méjì. Akokoro mú un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ kan pa dé. Ó wọ inú ihò lọ, ó ń yí gbiri lórí ẹ̀pà.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni èéfín yọ lókèèrè. Iná igbó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹran igbó sáré wá sábẹ́ igi àràbà kí Ọ̀jọ̀gbọ́n lè ró wọn lágbára kí wọ́n tó sá. Ìyá Àwẹ̀ró náà dé, ó gbé ọmọ tí kò lè rìn mọ́ rárá dání.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọ̀jọ̀gbọ́n dà?"

Wọ́n gbọ́ ìkérora lábẹ́ ilẹ̀. Ìmàdò ki ọwọ́ bọ inú ihò, ó fà á jáde. Wọ́n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kò sí nǹkan," Òkété wí. "Àṣàrò ni mò ń ṣe."

Omi bọ́ lójú Ìmàdò. "Ẹ wo bàbá yìí! Ó fún gbogbo wa ní agbára títí tirẹ̀ fi tán. Ṣé a ó máa wò ó báyìí? Ìkòkò sì nìyí?"

Ojú Òkété tó ti pa dé là. "Rárá! Ẹ má ṣe! Mo ti gba tèmi láàárọ̀!"

"Ẹ ò gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀," ni Ìmàdò wí.

Wọ́n gbé e. Ó ń ta, ó ń jáni, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi ìfẹ́ dì í mú. Wọ́n ṣí ewé kúrò. Ẹnì kan ní, "Ọwọ́ nìkan ńkọ́?" Ìmàdò ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n ni! Ọwọ́ nìkan ò yẹ ẹ́. Tìrùtìrù ni!" Wọ́n gbé orin, ẹ bá wọn gbé e:

Agbára ń bẹ níkòkò,
*Rìrì o, rìrì.*
Bàbá wa ló tún kàn o,
*Rìrì o, rìrì.*

Jàbú! Wọ́n rì í.

Òjíjí ti sinmi láti àná. Ebi ń pa á, inú ń bí i. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè. Jìììì! Awò ojú fò lọ há sórí igi. Òkété yọ nínú omi bí ọfà, ó balẹ̀, gbogbo irun ara rẹ̀ nà ró. Òjíjí sì yọ orí síta níwájú gbogbo ayé.

"Òkété, ekòló mi dà?"

Ìmàdò wo ẹja, ó wo Òkété. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹja ti wọ inú agbára yín o!"

Ṣùgbọ́n Òkété ò ní ọpọlọ irọ́ mọ́. Eyín tó là yẹn ti gbọ̀n débi tó ń ro ó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń ké. "Ẹ gbà mí! Ẹ pe Òòrẹ̀ fún mi! Kó wá yọ eyín yìí!"

"Agbára ò ní jò?" Ìmàdò bi í tọkàntọkàn.

"Agbára wo? Ohun tó bá há sínú ẹran tó ń jẹrà, àfi kí wọ́n yọ ọ́! Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. Ó gbọ́. Ó rọra rìn wá síwájú, ọmọ wà láyà rẹ̀.

"Òkété," ó ní.

Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é? Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tán.

"Tìrẹ ni kí wọ́n yọ. Tọmọ mi ni kó dúró síbẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró ò bú u, kò nà án. Kò ráyè rẹ̀. Ó yíjú padà, ó sáré lọ sílé Òòrẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Òòrẹ̀, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ bá mi yọ ọ́."

Òòrẹ̀ la ẹnu èébú. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ. Ó pa ẹnu dé. Ó fa ẹ̀gún kan yọ lára ara rẹ̀, ó fi tú ojú ibẹ̀, ó fi eyín di ìdí ẹ̀gún náà mú, ó fà á. Àwẹ̀ró ké, ìyá rẹ̀ ké. Ọyún dà jáde, ẹ̀gún náà sì jáde tẹ̀lé e, ó gùn tó ìka ọmọdé. Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ ojú ibẹ̀. Àwẹ̀ró sùn kó tó di pé wọ́n dì í tán, oorun tí kò tíì sùn láti ọjọ́ yìí wá.

Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, atẹ́gùn yí, iná náà fà sí ẹ̀yìn òkè fún ìgbà díẹ̀. Òòrẹ̀ ń wá wo ẹsẹ̀ yẹn láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ n parí ti Òkété kí n tó dé ibi tó dùn. Òòrẹ̀ yọ eyín rẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ ló yọ kẹ́yìn. Gbogbo èébú tó gbé mì nítorí Àwẹ̀ró, orí Òkété ló pọ̀ ọ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ìkánjú. Nígbà tí iná sì dé, ó jó abẹ́ igi àràbà kanlẹ̀. Gbogbo ẹ̀pà tí Òkété kó jọ sun, òórùn rẹ̀ gba igbó kan. Nígbà tí ilẹ̀ tutù, àwọn ẹran padà wá, wọ́n jókòó yí ẹ̀pà náà ká, wọ́n ń pa á jẹ. Láti ọjọ́ náà ni Òkété kì í ti í jáde lọ́sàn-án. Bó bá yọ imú síta báyìí, ẹnì kan á ní, "Rìrì o!"

Ọjọ́ tí iná dé ńkọ́? Ó dé lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ẹran tú yáyá. Ìmàdò gbé ìkòkò Òjíjí sẹ́yìn, ẹ̀yìn tó ń dùn ún náà ni, ó ń sáré, ó ń kérora, omi ń dà sí i létí, kò jù ú sílẹ̀ títí ó fi dé odò ńlá. Òjíjí wọ omi, kò wẹ̀yìn.

Ìyá Àwẹ̀ró ń sáré. Èéfín bo ojú. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ọmọ. Ó dúró. Ó ké, "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o!" Ó ti fẹ́ padà sínú iná yẹn.

Ó wá gbọ́ ohùn níwájú, láti etí odò lọ́hùn-ún.

"Màámi! Ẹ máa bọ̀ o! Ẹ ti pẹ́ jù!"

Ọmọ ti ṣíwájú rẹ̀ jìnnà réré. Ìyá Àwẹ̀ró ń sáré, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè lé e bá.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ìdí àlọ́ mi rèé lójú àwọn ọmọdé, ó sì rèé lójú ẹni tó fi ẹ̀gbà sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá kì í yọ ẹ̀gún. Ohun tó gbọ̀n yín lè má wò yín sàn. Bí ara bá ń dùn yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò wo ibi tó ń dùn yín gan-an, kódà bí ẹnu rẹ̀ burú. Bí ẹnì kan bá sì ní agbára ń ti ọwọ́ òun jáde, ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń sáré lọ lọ́jọ́ tí akokoro bá mú un.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ ki ọwọ́ bọ omi tí òjíjí wà, kó wá fi ọwọ́ náà nà mí.